Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá di ìdènà fún ojú tó ń kàwé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ojú kan náà ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣọ́ ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣí ìwé nínú ìmọ́lẹ̀, ńṣe ni wọn yóò máa fún ojú pọ̀, tí omi yóò máa dà lójú wọn, tí àwọn lẹ́tà inú ìwé yóò sì dà bí èèrà tó ń rìn. Bí olùkọ́ bá ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dìde kàwé, yóò fo ìlà kan, yóò ka òmíràn lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì bú sẹ́rìn-ín. Kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi sọ ọ́ ní olódo. Bẹ́ẹ̀ ni ọgbọ́n ọmọ náà lè pé pérépéré, kó jẹ́ pé ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ ojú rẹ̀, tàbí ọ̀nà tí ọpọlọ rẹ̀ ń gbà ṣètò ohun tí ojú rí, ni ìṣòro wà.

Bí ojú ṣe ń kàwé

Níwájú ẹyinjú ni ihò kékeré kan wà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Awọ tó yí ihò náà ká ló máa ń mú un kéré nígbà tí oòrùn bá ràn, òun náà ló sì máa ń ṣí i sílẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú. Ìmọ́lẹ̀ tó wọlé yóò balẹ̀ sórí awọ tín-ínrín kan tó wà lẹ́yìn ẹyinjú lọ́hùn-ún. Láàrin gbùngbùn awọ yìí ni ojú ibì kan wà tí kò fẹ̀ tó mìlímítà 2. Ibẹ̀ ni a fi ń rí ohun wínníwínní bíi lẹ́tà. Ìdí nìyí tí ojú ẹni tó ń kàwé kò fi lè dúró sójú kan. Ńṣe ló ń fò láti orí ọ̀rọ̀ kan bọ́ sórí òmíràn, tí yóò sì dúró fún nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá níbi kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni àwọn iṣan yóò gbé iṣẹ́ tí ojú jẹ́ lọ sínú ọpọlọ, lápá ìpàkọ́. Ibikíbi tí nǹkan bá ti wọ́ nínú ìrìn àjò yìí, ìwé kíkà yóò di iṣẹ́ àṣelàágùn.

Àfín àti ìwé kíkà

Láàrin àwa Yorùbá, àwọn tí ìṣòro yìí hàn lára wọn jù ni àfín. Láyé àtijọ́, ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pe àfín, nítorí ìgbàgbọ́ pé Ọbàtálá ló dìídì mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Àlàyé ìmọ̀ ìṣègùn ni pé àjogúnbá ni. Nínú irú èyí tó wọ́pọ̀ jù, bàbá àti ìyá ló jọ fún ọmọ ní àbùdá náà, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ dúdú bíi kóró iṣin. Èròjà tó ń fún awọ ara, irun àti ẹyinjú ní àwọ̀ ni kò tó lára ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé èròjà yìí ní iṣẹ́ pàtàkì tó ń ṣe nínú ojú. Àkọ́kọ́, nígbà tí kò bá tó, ìmọ́lẹ̀ kò ní gba ojú ihò nìkan wọlé mọ́, yóò máa gba ara awọ tó yí ihò náà ká wọlé pẹ̀lú, bí oòrùn ṣe ń ta gba inú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọjá. Èkejì, ojú ibi tí a fi ń rí lẹ́tà, tí a mẹ́nu bà lókè, kì í dàgbà tán láti inú oyún. Ẹ̀kẹta, àwọn iṣan ojú kì í pín bó ṣe yẹ lọ sí apá méjèèjì ọpọlọ. Nínú ojú ẹlòmíràn, nǹkan bí ìdajì iṣan ojú kọ̀ọ̀kan ló ń kọjá sí òdìkejì, ṣùgbọ́n ti àfín tó ń kọjá máa ń pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹrin, ẹyinjú wọn máa ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún láìjẹ́ pé wọ́n fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nítorí èyí, awò ojú lè ran àfín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè dá ìríran rẹ̀ padà sí pípé. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń dorí kọ ẹ̀gbẹ́ kan bí wọ́n bá ń kàwé, tàbí kí wọ́n gbé ìwé súnmọ́ imú. Òbí àti olùkọ́ mìíràn a máa nà wọ́n nítorí ìwà yìí. Àṣìṣe ńlá ni. Ìgbà tí wọ́n bá dorí kọ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹyinjú wọn ń rọlẹ̀ jù, gbígbé ìwé súnmọ́ ojú sì ń sọ lẹ́tà kékeré di ńlá. Kò sì ba ojú jẹ́.

Àwọn lẹ́tà tó ń rìn

Àwọn mìíràn wà tí wọn kì í ṣe àfín, tí ìwé funfun ṣì máa ń kọ mànà lójú wọn. Lọ́dún 1980, olùkọ́ kan ní ilẹ̀ New Zealand, Olive Meares, kọ̀wé nípa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1983, Helen Irlen, afìṣemọ̀rònú kan ní ìpínlẹ̀ California, ṣàlàyé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà pé bí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ bá tẹ́ ọ̀rá aláwọ̀ sórí ìwé, tàbí tí wọ́n bá lo awò aláwọ̀, ìwé á rọrùn fún wọn láti kà. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ìṣòro náà títí di òní. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Arnold Wilkins náà ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àlàyé tirẹ̀ ni pé ìlà dúdú àti àlàfo funfun tó tẹ̀ léra nínú ìwé lè ni ọpọlọ àwọn kan lára, pàápàá àwọn tí ẹ̀fọ́rí túúlu máa ń bá jà.

Síbẹ̀, àwọn oníṣègùn kò fohùn ṣọ̀kan lórí awò aláwọ̀. Lọ́dún 2009, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé àti ti àwọn dókítà ojú nílẹ̀ Amẹ́ríkà jọ fi ọwọ́ sí ìwé kan pé kò sí ẹ̀rí tó dúró ṣinṣin pé awò aláwọ̀ ń wo ìṣòro ìwé kíkà sàn. Ẹni tó bá sọ pé ọ̀rá aláwọ̀ tu òun lójú kò purọ́, ṣùgbọ́n ìtura ojú yàtọ̀ sí kí ènìyàn mọ ìwé kà. Kò yẹ kí òbí ta ohun ìní rẹ̀ nítorí awò bẹ́ẹ̀.

Ó tún ṣe pàtàkì láti mọ̀ pé ojú kọ́ ni gbogbo ìṣòro ìwé kíkà ti ń wá. Láti ọdún 1896 ni dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, W. Pringle Morgan, ti kọ̀wé nípa ọmọdékùnrin ọlọ́gbọ́n kan, ẹni ọdún 14, tí ojú rẹ̀ dára ṣùgbọ́n tí kò lè kàwé. Ohun tí ìwádìí fi hàn lẹ́yìn náà ni pé ìṣòro irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà nínú bí ọpọlọ ṣe ń so ìró ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ lẹ́tà. Ìkọ́ni pẹ̀lú sùúrù, ìró kan tẹ̀ lé òmíràn, ni oògùn tiwọn.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni láti gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ẹ̀ka ìtọ́jú ojú wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH n'Íbàdàn àti LUTH l'Ékòó. Ó lè jẹ́ awò lásán ni ọmọ nílò. Ó sì lè jẹ́ pé ojú rẹ̀ méjèèjì kì í lè pa pọ̀ wo ohun tó súnmọ́ wọn, èyí tí ìdánrawò ojú lè tún ṣe. Bí ọmọ bá ṣàdédé ń sá fún ìmọ́lẹ̀, tí ojú rẹ̀ pọ́n tó sì ń ro ó, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọjọ́ falẹ̀, nítorí àìsàn tó lè fọ́ ojú lè wà níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe ro omi ewé tàbí ìtọ̀ sí i lójú.

Nínú kíláàsì, kí olùkọ́ fi ọmọ tí ìmọ́lẹ̀ ń dà láàmú jókòó níwájú, kí ó kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé. Kí wọ́n jẹ́ kó dé fìlà tó ṣíji bo ojú, kí wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, kí wọ́n sì ka ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó sókè. Pépà tí kò funfun jù dára fún un, bẹ́ẹ̀ sì ni awò tó ń sọ lẹ́tà di ńlá. Kí wọ́n fún un ní àkókò díẹ̀ sí i nígbà ìdánwò.

Kì í ṣe àánú ni wọ́n ń fi èyí ṣe fún un. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, buwọ́ lu òfin tó ka yíya àwọn tó ní ìpèníjà ara sọ́tọ̀ léèwọ̀ ní Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ wọn sí ẹ̀kọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́bàá fèrèsé lónìí lè di ẹni tí yóò kàwé fún gbogbo kíláàsì gbọ́ lọ́la.