Òmìnira Kọ́, Àpò Ọ̀tọ̀ Ni: Ọ̀rọ̀ Òfin Ìjọba Ìbílẹ̀ ní Èdè Yorùbá

Ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ kan tí ọ̀pọ̀ oníròyìn Yorùbá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kéde: òmìnira. Wọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ ti gba òmìnira. Lójú ẹni tó gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, káńsù ti bọ́ lọ́wọ́ gómìnà pátápátá, bí Nàìjíríà ṣe bọ́ lọ́wọ́ òyìnbó ní 1960. Ẹjọ́ náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ilé-ẹjọ́ wí ni pé owó tó bá tọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ láti Abùjá, kí wọ́n san án fún un tààrà, kí gómìnà má ṣe gbà á dání fún un mọ́, àti pé káńsù tí aráàlú kò dìbò yàn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó náà. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣì ni yóò máa ṣòfin lórí bí káńsù yóò ṣe rí, àwọn tí yóò wà níbẹ̀ àti iṣẹ́ tí yóò máa ṣe. Abala keje ìwé òfin ọdún 1999 ló gbé iṣẹ́ yẹn lé wọn lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ wọn.

Òmìnira tóbi ju ọ̀ràn náà lọ. Ẹrú ló ń gba òmìnira, orílẹ̀-èdè ló ń gba òmìnira. Tí a bá fi bo ẹjọ́ tó dá lórí owó àti ìdìbò, aráàlú á máa retí ohun tí òfin kò ṣèlérí, ohun tó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè á fò ó dá. Kí ni kí a wá pè é? Èèyàn lè fẹ́ ṣẹ̀dá “ìdáwóná” láti ara dá owó ná. Ẹ pè é sókè kí ẹ gbọ́. Ìdáwó ni etí yóò kọ́kọ́ mú, ìyẹn owó tí àdúgbò máa ń dá jọ láti fi tún ọ̀nà ṣe tàbí ra tàǹsífọ́mà. Ọ̀rọ̀ tó dára lórí ìwé ni, àmọ́ ó kú sétí.

Ó yá kí a wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí owó náà gan-an. Abala 162 ìwé òfin yẹn kan náà ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àkáǹtì kan tí owó gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ yóò máa wọ̀. Ọ̀pọ̀ gómìnà jókòó ti àkáǹtì yìí, ohun tó wù wọ́n ni wọ́n ń yọ fún káńsù. Yorùbá ní orúkọ tó bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mu: àpò àjùmọ̀ní. Tí àkáǹtì yẹn bá ti jẹ́ àpò àjùmọ̀ní, orúkọ ohun tí ìdájọ́ 2024 mú wá ti yọjú fúnra rẹ̀: àpò ọ̀tọ̀. “Ilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n yọ ìjọba ìbílẹ̀ kúrò nínú àpò àjùmọ̀ní, kí kálukú ní àpò ọ̀tọ̀.” Ìyá aláta tó gbọ́ èyí kò nílò amòfin láti mọ ìbéèrè tó kàn: ta ló di àpò náà mú, èló ló wà nínú rẹ̀, kí ló sì dé tí gọ́tà iwájú ọjà ṣì dí?

Ọ̀nà tí ìgboro ń gbà ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ òfin láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gbé òfin ìmọ́tótó dé, òṣìṣẹ́ wọn a máa wọ ilé dé ilé, a máa ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Aráàlú kò béèrè orúkọ ipò rẹ̀. Wọ́n wo ohun tó ń ṣe, wọ́n pè é ní wolé-wolé. Ẹni tí ìdájọ́ kò tẹ́ lọ́rùn gba kóòtù mìíràn lọ, kóòtù náà bá di kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Alága tí gómìnà kàn gbé sórí àga láìsí ìbò, fìdíhẹ ni, torí ẹni tó bá fi ìdí hẹ kò jókòó tán. Ọ̀rọ̀-ìṣe wà nínú gbogbo wọn. Ẹni tó bá gbọ́ wọn ti rí iṣẹ́ náà lójú ara rẹ̀. Ní 2020, nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ṣòfin ètò ààbò wọn, ta ló rántí orúkọ gígùn tí wọ́n fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì? Àmọ̀tẹ́kùn ni gbogbo ayé ń pè é.

Ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí a tún wò ni àbádòfin. Tí a bá tú u, àbá tó di òfin ló ń sọ, bẹ́ẹ̀ ohun tó dúró fún kò tíì di òfin rárá. Tí Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá pe àpérò ìtagbangba lórí àbádòfin owó ilẹ̀, onílé tó gbọ́ ọ lè rò pé wọ́n ti parí rẹ̀, kó sì jókòó sílé. “Àbá òfin” tó. Wọ́n á ka àbá náà, wọ́n á fọwọ́ sí i, gómìnà á buwọ́ lù ú. Tí gómìnà bá kọ̀ láti buwọ́ lù ú láàárín 30 ọjọ́, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin lè sọ ọ́ di òfin láìsí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kékeré ti ń ṣe ìpalára ńlá ni “yóò”. Àwọn atúmọ̀ èdè a máa kọ ọ́ níbi tí òfin ti pàṣẹ: “Káńsù yóò kó ìdọ̀tí àdúgbò.” Ìlérí nìyẹn, bí ẹni ń sọ pé òjò yóò rọ̀. Àṣẹ ni “Káńsù gbọ́dọ̀ kó ìdọ̀tí àdúgbò.” Tí òfin bá sì fi í sí ìfẹ́ inú káńsù, “lè” ni kí a kọ. Ẹni tó bá pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ti gba ẹ̀tọ́ mọ́ aráàlú lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ orúkọ káńsù ní Èkó náà tún wà níbẹ̀. Ọdún 2002 ni wọ́n ṣòfin tó sọ ìjọba ìbílẹ̀ 20 di 57. Ní oṣù Kejìlá 2004, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé Èkó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe é, àmọ́ òfin náà kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí ilé aṣòfin àpapọ̀ yóò fi ṣe tirẹ̀. Èkó bá fún àwọn 37 tuntun ní orúkọ mìíràn, èyí tí àwọn oníròyìn wa túmọ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè. Orúkọ yìí kò sọ ohun tó ya wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn 20 wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà. Àwọn 37, ìpínlẹ̀ ló dá wọn sílẹ̀, kò sì sí owó Abùjá tó ń wá ní orúkọ tiwọn. “Káńsù ìpínlẹ̀” ni èmi ì bá pè wọ́n.

Iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ tí a lè dúró lé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá ní 1984 fún àwọn olùkọ́ èdè, àkójọ ọ̀rọ̀ ilé aṣòfin ní Gẹ̀ẹ́sì, Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá sì jáde ní 1991. Ẹ̀yin aṣòfin wa ní Èkó, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn, Òǹdó àti Èkìtì, abala 97 ìwé òfin gbà yín láyè láti fi èdè ìpínlẹ̀ yín jókòó. Ẹ fi èyí kún un: òfin yòówù tó bá máa gba owó lọ́wọ́ onílé tàbí ti ìsọ̀ ìyálọ́jà pa, kí ẹ̀dà Yorùbá rẹ̀ ti wà lára ògiri káńsù kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ẹ sì ti kà á sétí àwọn tó kàn lọ́jà àti ní ìpàdé àdúgbò, kí wọ́n lè sọ fún yín bóyá ó yé wọn.