Kí Ni Wọ́n Fẹ̀yìn Tì ní Sábó?

Ẹ bá mi jókòó, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá wọ kẹ̀kẹ́ láti Mayfair, tẹ́ ẹ gba Lagere, tẹ́ ẹ sọ̀ ní Sábó Ifẹ̀, ẹ kàn dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ máa wo iṣẹ́ tó wà níwájú yín. Ẹlẹ́ran súyà. Télọ̀. Oní-POS lábẹ́ agbòòrùn. Àwọn tó ń ta pààtì ọkọ̀. Ìyá alálùbọ́sà. Wọ́n pọ̀ jẹ̀rẹ̀jẹ̀rẹ̀. Ẹ wá bi ara yín pé nínú gbogbo wọn, mélòó ni ẹnikẹ́ni máa san owó oṣù fún lẹ́yìn tí wọ́n bá pé ọdún 60?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tá a ń lò fún un ná: ìfẹ̀yìntì. Kò sí ìsinmi nínú ọ̀rọ̀ yẹn o. Ẹni tó bá máa fẹ̀yìn tì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí nǹkan tó máa fẹ̀yìn tì: ògiri ni o, igi ni o, èèyàn ni o. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ nìyẹn. Láti ìgbà obì gbàǹja títí dé ìgbà POS, kí ni àwọn èèyàn Sábó àti àyíká rẹ̀ ń fẹ̀yìn tì?

Sábó fúnra rẹ̀, èdè Hausa ni. Sabon Gari, ìyẹn ìlú tuntun. Kì í ṣe Ifẹ̀ nìkan ló ní in. Sábó wà n'Ìbàdàn, ó wà l'Óṣogbo, ó wà ní Ṣàgámù, ó wà ní Yábàá l'Ékòó. Ti Ìbàdàn, ọdún 1916 ni wọ́n ya ilẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn Hausa. Olórí ohun tó ń kó wọn bọ̀ ni obì. Gbàǹja kì í hù ní Kánò, bẹ́ẹ̀ wọn ò lè ṣe ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ níbẹ̀ láìsí i. Igbó tiwa ló ń so ó. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo lọ́dún 1907, tó sì ti kàn Kánò nígbà tó máa fi di 1912, ọjà yẹn bú sáyé. Obì ń gòkè, màlúù ń sọ̀.

Ibi tí ìtàn ìfẹ̀yìntì ti bẹ̀rẹ̀ lójú mi nìyí. Ọ̀mọ̀wé kan wà tó ń jẹ́ Abner Cohen, ó gbé Sábó Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1969. Ohun tó rí níbẹ̀ ni ètò iṣẹ́ kan tí ìjọba ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, àmọ́ tó ní ìpele bí iṣẹ́ ọ́fíìsì.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Ẹ má bi mí lórúkọ rẹ̀, wọ́n pọ̀. Ó ti òkè wá, kò mọ ẹnì kankan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ru ẹrù. Tó bá yá, wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di obì: bí wọ́n ṣe ń fi ewé tútù wé e, bí wọ́n ṣe ń ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kúrò, kí agbọ̀n má bàa jẹrà kó tó dé Kánò. Ó lè gbà á ní ọdún púpọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa di dìlálì, alágbàtà tó ń so ẹni tó ń tà pọ̀ mọ́ ẹni tó ń rà. Tí Ọlọ́run bá wá ṣe é, tó rí ilé kọ́, ó di máígídá.

Máígídá kì í ṣe onílé lásán. Oníṣòwò tó bá ti ọ̀nà jíjìn kó màlúù wá, ilé rẹ̀ ló máa sùn, ọwọ́ rẹ̀ ló máa fi owó pamọ́ sí. Àwọn alápatà tó ń ra màlúù lọ́wọ́ ẹni yẹn, àwìn ni wọ́n ń rà á, máígídá ló sì ń dúró fún wọn. Tí wọ́n bá sá lọ, òun ló máa san án. Nítorí ìyẹn, orí gbogbo ọjà tó bá gba ilé rẹ̀ kọjá ni owó ti ń wọlé fún un.

Ṣé ẹ rí i? Nígbà tó wà ní ọdún 20, èjìká rẹ̀ ló fi ń jẹun. Ní ọdún 40, ẹnu rẹ̀. Ní 60, orúkọ rẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Ó lè jókòó sórí ẹní látàárọ̀ dalẹ́ kí owó ṣì máa wọlé. Ẹ bá mi wá ìwé pẹ́ńṣàn tó dáa ju ìyẹn lọ.

Àwọn ìyàwó inú ilé tí kì í jáde, àwọn náà ò jókòó lásán o. Wọ́n ń dáná oúnjẹ títà látinú ilé, àwọn ọmọ ló ń gbé e kiri. Owó tiwọn ni, wọn ò fi ṣe ti ọkọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kúrò nínú ìlú, ká wọ oko. Àgbẹ̀ Ifẹ̀ kò ní máígídá, kòkó ló ní. Ẹni tó bá gbin kòkó ní ọmọ ọdún 30, ọdún kẹrin tàbí ìkarùn-ún ló máa bẹ̀rẹ̀ sí so, á sì máa so fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí agbára bàbá ṣe ń dín kù, igi ń bá iṣẹ́ lọ. Ẹni tó ní ilẹ̀ púpọ̀ kò tiẹ̀ ní láti roko mọ́, á kó ilẹ̀ fún àlejò, á máa gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn wá l'Ífẹ̀, màá rọra sọ ọ́: fún ẹni tó ń gbà á, ìfẹ̀yìntì ni ìṣákọ́lẹ̀, fún ẹni tó ń san án láti ìran dé ìran, ẹrù ni. Ó wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́, ti 1981, ti 1983, àti èyí tó le jù, 1997 sí 2000.

Ìjọba náà rí i pé kòkó lówó. Lọ́dún 1947 wọ́n dá Bọ́ọ̀dù Kòkó sílẹ̀: Bọ́ọ̀dù nìkan ló lè kó kòkó lọ sókè òkun, òun ló sì ń dá iye tí wọ́n máa san fún àgbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń tọ́jú èlé náà de ọdún tí ọjà ò bá tà. Ọdún náà dé, owó ò dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún wá bù owó orí lé e, àwọn àgbẹ̀ gbé ìjà dìde ní 1968. Àgbẹ̀kọ̀yà nìyẹn.

Níbo lowó yẹn wá lọ? Púpọ̀ nínú rẹ̀ wọ àpò ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn. Owó kòkó ló pọ̀ jù nínú owó tí wọ́n fi ń ṣe nǹkan: ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní 1955, àti Yunifásítì Ifẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1962 n'Ìbàdàn, tó sì kó wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967. Mo máa ń rò ó pé ibi tí ìtàn yí padà nìyẹn. Wọ́n gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ bàbá, wọ́n fi kọ́ ibi tí ọmọ ti máa ṣiṣẹ́ tó ní pẹ́ńṣàn.

Torí pé pẹ́ńṣàn ti wà, àmọ́ kò kan ọ̀pọ̀ èèyàn. Òfin pẹ́ńṣàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, 1951 ni wọ́n ṣe é, wọ́n sì ní kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1946. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba aláwọ̀ funfun gan-an ló wà lọ́kàn wọn. Kò tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́. Tí gómìnà àgbà bá fẹ́, wọ́n lè má san án. Ní 1961 wọ́n dá owó ìpamọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni, èyí tí wọ́n ń pè ní NPF. Aláàárù Sábó ò sí nínú ẹ̀. Ìyá alálùbọ́sà ò sí nínú ẹ̀.

Yunifásítì ló wá mú un sún mọ́ ilé. Ọgbà yẹn ò gba ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan. Ó gba dírẹ́bà, olùtọ́jú ọgbà, kúùkù, ọlọ́dẹ, akọ̀wé, ẹni tó ń tún páìpù omi ṣe. Ìdílé tí ẹnì kan ò gba owó oṣù rí nínú rẹ̀ wá ní ẹni tó ń fi ọjọ́ orí ka ìgbà tó máa kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà yẹn ni “iṣẹ́ ìjọba” di àdúrà. Bàbá lè ní oko, ìyá lè ní ìsọ̀ ní Sábó, àmọ́ ọmọ tó wọ Yunifásítì ṣiṣẹ́ ni wọ́n gbà pé ó ti dé èbúté.

Ẹ má gbàgbé ọdún 1975. Murtala Mohammed dé ní oṣù keje, kí ọdún tó parí, òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní 10,000 ti pàdánù iṣẹ́. “With immediate effect.” Rédíò ni àwọn mìíràn ti gbọ́ orúkọ ara wọn. Ẹni tó ti rò pé ògiri bíríkì lòun fẹ̀yìn tì rí i pé aṣọ ìkélé ni.

Ní 1979, òfin tuntun wá tún ètò pẹ́ńṣàn òṣìṣẹ́ ìjọba tò, ọkàn àwọn èèyàn sì balẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó di 1986, SAP dé. Náírà já. Ẹni tó fẹ̀yìn tì ní 1980 pẹ̀lú pẹ́ńṣàn tó tó jẹun, iye kan náà lórí ìwé kò tó ra àpò ìrẹsì mọ́ láàárín ọdún mélòó kan. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n pa Bọ́ọ̀dù Kòkó rẹ́, owó kòkó sì gòkè. Ẹ wò ó bí ayé ṣe yí: ọmọ tó fi oko sílẹ̀ torí pẹ́ńṣàn wá ń wo oko bàbá rẹ̀. Láàárín àsìkò yẹn ni ọ̀kadà wọ ìlú, orúkọ ilé iṣẹ́ bàálù Okada Air ni wọ́n sọ ọ́. Ẹni tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí, gbogbo wọn gun ún.

Màá kọjá kíákíá níbi 2004, torí ẹ ti mọ̀ ọ́n. Òfin tuntun ní kí òṣìṣẹ́ àti ẹni tó gbà á síṣẹ́ jọ máa dá owó sínú àkáǹtì tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Láti 2014, òṣìṣẹ́ ń dá 8 nínú 100, agbanisíṣẹ́ ń dá 10. Ó dáa lórí ìwé. Àmọ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ kan ò bá fi ti ẹ̀ sí i ńkọ́? Àwa ará Ọ̀ṣun mọ ìdáhùn. Láti 2015, ààbọ̀ owó oṣù ni àwọn òṣìṣẹ́ kan ń gbà fún ọdún bíi mẹ́ta, àwọn tó sì ti fẹ̀yìn tì ń tò sójú títì pẹ̀lú páálí lọ́wọ́. Bàbá tó fi ọdún 35 ṣe tíṣà, ẹ fojú inú wò ó. Nínú ọgbà Yunifásítì, ọjọ́ orí yàtọ̀: òfin 2012 ní ọ̀jọ̀gbọ́n lè dúró dé 70, òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe olùkọ́ dúró ní 65.

Ohun tí ìran wọ̀nyí wá ṣe ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí. Wọn ò yan ọ̀kan. Ilé kan náà lè ní bàbá tó jẹ́ ọlọ́dẹ ní Yunifásítì, oko kòkó tí àbúrò ń bá wọn mójú tó, ìyá tó ní ìsọ̀, àti yàrá méjì tí wọ́n fi rẹ́ǹtì. Àwọn èèyàn máa ń pe ìyẹn ní ojúkòkòrò. Èmi ò gbà. Gbogbo ògiri tó wà nínú ìtàn yìí ló ti wó rí, wọ́n sì rántí.

Ti Sábó náà wó. Ọjọ́ 8 oṣù kẹta 2017, ìjà bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ láàárín Yorùbá àti Hausa. Ẹ̀mí ṣòfò púpọ̀. Mi ò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ níbí, ohun tí mo ń wò ni ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó jóná. Fún òṣìṣẹ́ ìjọba, ilé tó jó jẹ́ àdánù ńlá, àmọ́ àkáǹtì rẹ̀ ò jó. Fún ẹni tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù àti orúkọ ló ń fẹ̀yìn tì, ọjọ́ kan péré ló gba ogójì ọdún lọ. Ẹni ọdún 60 wá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó wà ní 20, èjìká yẹn ò sì sí mọ́.

Lónìí, alájọ ṣì ń rìn kiri ìsọ̀ ní Sábó láràárọ̀ pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Owó ọjọ́ kan nínú oṣù jẹ́ tiẹ̀, ìyókù jẹ́ ti ẹni tó ń dá a. Àjọ dáa, àmọ́ oṣù kan ló ń rí, kì í rí ọgbọ̀n ọdún. Ní oṣù kẹta 2019, ìjọba gbé pẹ́ńṣàn kékeré kalẹ̀ fún àwọn tí ò ní ọ̀gá: télọ̀, oní-POS, ẹni tó ń ṣe fídíò lórí TikTok. O lè dá iye tó bá wù ọ́, ìgbà tó bá wù ọ́. Nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n ní èèyàn lè mú 40 nínú 100 jáde tí nǹkan bá le, kí 60 dúró de ọjọ́ ogbó. Àwọn tó wọ̀ ọ́ ò pọ̀. Ọ̀pọ̀ ò gbọ́ ọ rí, àwọn tó gbọ́ ń béèrè pé ta ló máa tọ́jú ẹ̀, ìbéèrè yẹn ò sì burú lẹ́nu ọmọ ẹni tó gba ààbọ̀ owó oṣù.

Mo fẹ́ mọ ti ilé yín. Bàbá àti ìyá yín, kí ni wọ́n fẹ̀yìn tì báyìí? Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an ni ògiri ọ̀hún, ẹ sọ ọ́ ní ìsàlẹ̀ níbí, kò sí ìtìjú níbẹ̀.