Fúyẹ́ Kọ́ Ni Ìṣọ́nálò: Lórí Ọ̀rọ̀ Linux àti Bátìrì

Inú mi kì í dùn bí mo bá rí ìtumọ̀ tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wọ̀ láṣọ Yorùbá. Mo ka ìwé ìlànà kan lórí bí a ṣe lè yan Linux tí bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká yóò fi máa pẹ́ kó tó tán. Ẹni tó kọ ọ́ pe irú Linux bẹ́ẹ̀ ní "oníwúwo-fífúyẹ́". Ó pe iye wákàtí tí bátìrì ń lò ní "ìgbé-ayé bátìrì". Ó pe dídín iná kù ní "ìfinápamọ́". Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa sọ ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ẹnìkejì rẹ̀ kí onítọ̀hún má bi í pé kí ló ń wí. Èyí tó dùn mí jù ni pé àwọn ọ̀rọ̀ náà ń ṣi òǹkàwé lọ́nà: ẹni tó bá tẹ̀ lé wọn lè yan Linux tí kò ní fi ìṣẹ́jú kan kún bátìrì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èdè wa kì í ṣe òtòṣì. Ọ̀rọ̀ tí a nílò ti wà lẹ́nu àwọn èèyàn wa tipẹ́.

Ká tètè mú àwọn tó rọrùn kúrò nílẹ̀. Linux, Debian àti Ubuntu, orúkọ ni wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà bí wọ́n ṣe wà. Ara orúkọ Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ilẹ̀ Finland tó kéde iṣẹ́ rẹ̀ ní 1991, ni Linux ti jáde. Ian Murdock so orúkọ Debra, olólùfẹ́ rẹ̀, mọ́ tirẹ̀, ó di Debian ní 1993. Ubuntu, tó jáde ní 2004, jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn Zulu àti Xhosa ní Gúúsù Áfíríkà; gbogbo ayé ń pè é bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì túmọ̀ rẹ̀. Bátìrì àti wáàtì ti di ọmọ ilé. Òkúta ni àwọn àgbà ń pe bátìrì tọ́ọ̀ṣì àti ti rédíò, ọ̀rọ̀ tó dára ni, ká fi í sílẹ̀ fún tọ́ọ̀ṣì àti rédíò. Distro, ìyẹn oríṣi Linux tí ẹgbẹ́ kan kó jọ, ẹ̀yà tó o. Àwọn kan ń pe kọ̀ǹpútà alágbèéká ní "àgbélétan". Mi ò fara mọ́ ọn. Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e lé itan. Àwa ń gbé e ká ni, orí tábìlì la sì ń gbé e lé.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó gba àròjinlẹ̀ ni orúkọ tí a ó máa pe Linux, Windows àti ẹgbẹ́ wọn lápapọ̀. Wọ́n ti pè é ní "ètò ìṣiṣẹ́", ṣùgbọ́n ètò ìṣiṣẹ́ lè jẹ́ ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Bí Yorùbá bá fẹ́ sọ ẹ̀rọ lórúkọ, iṣẹ́ tó ń ṣe ló máa ń wò: amúnáwá ń mú iná wá, amúlétutù ń mú ilé tutù, amóhùnmáwòrán ń mú ohùn, ó ń mú àwòrán. Ohun tó ń mú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, amẹ́rọṣiṣẹ́ ni. Ẹ wo bí fáwẹ́lì ṣe ń pa jẹ: nínú "mú ilé", "i" ló lọ, ó di múlé, nínú "mú ohùn", "u" ló lọ, ó di móhùn. Fáwẹ́lì "i" kì í sábà dúró bó bá pàdé òmíràn, "u" ẹ̀wẹ̀ kì í sábà dúró níwájú "o" àti "ẹ". Nítorí náà, "mú ẹ̀rọ" yóò di mẹ́rọ. Ẹni tó bá kọ "amúẹ̀rọṣiṣẹ́" kò tíì fi etí gbọ́ èdè tó ń kọ.

Inú amẹ́rọṣiṣẹ́ ni kernel wà. Òun ló ń pàṣẹ fún irin, ìyẹn àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ, òun ló ń sọ bí ọpọlọ ẹ̀rọ yóò ṣe sáré tó àti ìgbà tí yóò tòògbé. Òun gan-an sì ni Linux tí Torvalds kọ. A lè ní ká pè é ní "alárinà", torí pé ó wà láàárín irin àti àwọn ètò tí à ń lò. Ìlànà iṣẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn ló tẹ̀ lé, síbẹ̀ mi ò ní gbà á. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìkejì tí kò ṣeé yà kúrò lára rẹ̀: shell, ibi tí à ń tẹ àṣẹ sí, ló bò ó lórí. Kóró àti èèpo ni àwọn méjèèjì. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti pe shell ní "ìkarahun". Ìgbín àti ahun ló ní ìkarahun, èwo nínú wọn ló ní kóró? Ọ̀rọ̀ tó bá jẹ́ tọkọtaya níbi tó ti wá, ká má tú wọn ká.

Wàyí o, ó kan fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ rere ni. Ẹni tó bá ní "Linux tó fúyẹ́" kò ṣẹ̀ sí èdè, kò sì nílò "oníwúwo" kankan níwájú rẹ̀. Ìbéèrè mi ni: fúyẹ́ fún ta ni? Ẹrù ń fúyẹ́ lórí, aṣọ ń fúyẹ́ lára. Ohun tó bá fúyẹ́, ẹni tó rù ú ló fúyẹ́ fún. Àwọn ẹ̀yà bíi Xubuntu tó ń lo ojú iṣẹ́ Xfce, Lubuntu tó ń lo LXQt, àti antiX tó ń lo IceWM, RAM, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí, ni wọ́n fúyẹ́ fún. Àyè tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ kéré, iṣẹ́ tó ń lọ lábẹ́lẹ̀ kò sì pọ̀. Lórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí RAM rẹ̀ kò tó nǹkan, àǹfààní ńlá ni, torí bí RAM bá kún, ẹ̀rọ a bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù lọ sórí dísìkì, á tún máa kó o bọ̀, iná á sì máa tibẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n yálà RAM kún tàbí ó ṣófo, iná tó ń jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àwọn tó ń jẹ iná ni ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ, ọpọlọ tí wọn kò jẹ́ kó sùn, àti fídíò tí ọpọlọ ń tú fúnra rẹ̀ dípò ẹ̀yà ara tí wọ́n dìídì ṣe fún un. Xubuntu àti Ubuntu, kóró kan náà ni wọ́n ń lò. Ohun tí kóró ọ̀kan mọ̀ nípa iná ni ti èkejì mọ̀. Ẹni tó lo Xubuntu, tó gbé ìmọ́lẹ̀ dé òkè pátápátá, tó sì ṣí ojú-ìwé ayélujára rẹpẹtẹ, kó má retí pé bátìrì òun yóò pẹ́ ju ti ẹni tó ń fara balẹ̀ lo Ubuntu. Ọ̀rọ̀ méjì la nílò, nígbà náà: afúyẹ́ fún èyí tí kì í gba RAM, àti òmíràn fún èyí tí kì í fi iná ṣòfò.

Ibẹ̀ gan-an ni "ìfinápamọ́" ti kùnà. Wọ́n wo fi owó pamọ́, wọ́n ní ká fi iná pamọ́. Owó tí mo fi pamọ́ wà nínú àpótí. Ohun tó ń fi iná pamọ́ nínú kọ̀ǹpútà ni bátìrì, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ètò bíi TLP kò fi iná kankan pamọ́. Ńṣe ló ń rí i pé ẹ̀rọ kò ná an ní ìná àpà. Ọ̀rọ̀ owó ni ìná àpà, ọ̀rọ̀ owó náà ló sì ní ìdáhùn rẹ̀: ọlọ́gbọ́n a máa ṣọ́wó ná. Ẹ̀rọ tó gbọ́n a máa ṣọ́ iná lò. Ìṣọ́nálò ni ìwà rẹ̀, aṣọ́nálò ni òun fúnra rẹ̀, "Ṣọ́ iná lò" la ó sì kọ sórí bọ́tìnnì. Ọ̀rọ̀ tó bá bímọ báyìí ló yẹ ká gbà wọlé. Kì í ṣe ahun: ahun kì í ná rárá, aṣọ́nálò ń ná èyí tó yẹ níbi tó yẹ.

A lè ta kò ó pé yóò jọ ṣọ́nà, ìyẹn kéèyàn máa wo ọ̀nà. Ohùn ló yà wọ́n: ohùn ìsàlẹ̀ ló parí ṣọ́nà, ohùn òkè ló parí ṣọ́ná. A tún lè ní iná lè jẹ́ iná ìdáná, pé iná mànàmáná ló yẹ ká kọ. Bí wọ́n bá mú iná dé, "iná dé!" ni gbogbo àdúgbò ń pariwo, kò sì sí ẹni tó ń sáré wá ohun tó ń jó.

Ẹ tún wo oorun ẹ̀rọ. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà ní ìpele ìsinmi, bó bá ṣe jìn tó ni iná ṣe ń dín kù. Gẹ̀ẹ́sì fi nọ́ńbà pè wọ́n: C1, C2, C3, títí lọ. Yorùbá ní tòògbé, ó ní sùn, ó ní sùn fọnfọn. Powertop, ètò tí iléeṣẹ́ Intel gbé jáde ní 2007, máa ń fi àwọn tó ń jí ọpọlọ lójú oorun hàn. Olùjíni la ó máa pè wọ́n.

Mo fi "ìgbé-ayé bátìrì" kẹ́yìn torí pé ibẹ̀ ni Yorùbá ti ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Gbólóhùn kan ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ nǹkan méjì: wákàtí tí bátìrì ń lò lẹ́yìn tó bá kún, àti ọdún tó ń lò kó tó bàjẹ́. Àwa kì í pò wọ́n pọ̀. "Bátìrì yìí kì í dúró": wákàtí là ń sọ. "Bátìrì yìí ti kú": ó ti parí. Ìdúró bátìrì ni ti wákàtí, ẹ̀mí bátìrì ni ti ọdún. Bí bátìrì bá gba wáàtì-wákàtí 50, tí ẹ̀rọ ń jẹ wáàtì 10, ìdúró rẹ̀ jẹ́ wákàtí 5. Bí ìṣọ́nálò bá sọ ọ́ di wáàtì 5, ó di wákàtí 10. Ti ẹ̀mí yàtọ̀. TLP lè ní kí bátìrì kọ̀ǹpútà ThinkPad má kún kọjá ìdá 80 nínú 100, nítorí pé bátìrì lithium a máa tètè gbó bó bá ń wà ní kíkún nígbà gbogbo. Ẹ̀mí rẹ̀ gùn sí i, ìdúró rẹ̀ dín kù. Báwo ni "ìgbé-ayé" kan ṣoṣo ṣe fẹ́ gùn, kó tún kúrú?

Ẹ yẹ inú Linux wò fúnra yín. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ẹ ó rí fáìlì méjì nínú /sys/class/power_supply/BAT0: energy_full_design àti energy_full. Ìkún ìbẹ̀rẹ̀ ni mo pe èkíní, ìyẹn iná tí bátìrì ń gbà nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun. Ìkún òní ni mo pe èkejì. Bí ìkún ìbẹ̀rẹ̀ bá jẹ́ wáàtì-wákàtí 50, tí ìkún òní jẹ́ 30, kò sí ẹ̀yà Linux tó lè dá 20 tó lọ padà.

Ní 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ fún wa ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ títí dòní. Kọ̀ǹpútà nílò irú iṣẹ́ àjọṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin atúmọ̀ èdè, kí ẹ tó ṣí ìwé atúmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkẹjà ń sọ. Ìgbìmọ̀ ọ̀mọ̀wé kọ́ ló fún ọjà ní orúkọ náà, tòkunbọ̀: ó ti òkun bọ̀, kò sì sí ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kí bátìrì yín dúró, ẹ yan Linux afúyẹ́ bí RAM yín bá kéré; èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ fi ìṣọ́nálò kún un. Bí ẹ bá sì ń kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ẹ má gbàgbé àmì ohùn rẹ̀.