Ìtàn Àwọn Ilé Sinimá Àtijọ́ àti Ohun Tó Gbẹ̀yìn Wọn

Ní ìsinmi ọdún Àjíǹde tó kọjá, èmi àti bàbá tó bí ìyá mi wọkọ̀ láti Odògbolú lọ kí àwọn ẹbí wa ní Agége. Bí a ṣe ń súnmọ́ ibi tí a ó ti sọ̀, kọ̀ndọ́ pariwo pé, "Ta ló ń sọ̀ ní Pen Cinema?" Mo na ọrùn síta kí n lè rí ilé sinimá náà. Afárá ńlá tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ní ọdún 2021 ni mo rí, ọkọ̀ ń kọjá lórí rẹ̀, èèyàn sì pọ̀ bí omi nísàlẹ̀. Mo bi Bàbá pé ilé sinimá náà dà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ilé ti lọ, ọmọ mi. Orúkọ ló kù."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé wálé. Mo fẹ́ mọ bí ilé sinimá ṣe dé ilẹ̀ wa àti ìdí tó fi kógbá wọlé. Ohun tí mo kà nínú ìwé àti ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu Bàbá ni mo kó jọ síbí.

Oṣù Kẹjọ ọdún 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn èèyàn ní Nàìjíríà. Glover Memorial Hall ní Èkó ni wọ́n ti ṣe é. Iléeṣẹ́ Balboa láti ìlú Barcelona ní orílẹ̀-èdè Sípéènì ló kó o wá, Herbert Macaulay sì wà lára àwọn tó jẹ́ kó ṣeé ṣe. Fíìmù ìgbà náà kò ní ohùn, àwòrán tó ń rìn lásán ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, oṣù Kejìlá ọdún 1895 ni àwọn Lumière, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ṣẹ̀ṣẹ̀ fi tiwọn gbowó lọ́wọ́ òǹwòran ní Paris. Ọdún mẹ́jọ kò pé kí nǹkan náà tó dé Èkó. Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀yìn la máa ń wà nígbà gbogbo kò wádìí ọ̀rọ̀ dáadáa.

Nígbà tó yá, ìjọba amúnisìn rí i pé sinimá lè bá wọn kọ́ aráàlú. Òṣìṣẹ́ ìlera kan tó ń jẹ́ William Sellers lo fíìmù ní Èkó láti kọ́ àwọn èèyàn nípa eku àti àrùn tí eku ń fà. Ní ọdún 1939, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀, wọ́n dá Colonial Film Unit sílẹ̀. Ọkọ̀ wá ń gbé ẹ̀rọ sinimá kiri ìlú àti abúlé. Wọ́n á ta aṣọ funfun sí gbangba, gbogbo ìlú á pé lé e lórí, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀.

Àwọn oníṣòwò ló kọ́ ilé fún un. Àwọn ará Lẹ́bánónì àti Íńdíà pọ̀ nínú wọn. Èkó ní Casino ní Yaba, Agége ní Pen, Ìbàdàn ní Scala ní Sábó. Fíìmù àwọn kaboi Amẹ́ríkà, ti Íńdíà àti ti àwọn oníjà Ṣáínà ni wọ́n ń fi hàn. Ní ọdún 1972, ìjọba ológun ṣe òfin tó fi irú òwò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ Nàìjíríà nìkan.

Àkókò yìí ni Bàbá ń kọ́ṣẹ́ mẹ́káníìkì ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n ní bí ọ̀gá bá fún àwọn lówó oúnjẹ, àwọn á fi ebi pa ara wọn kí àwọn lè rówó wọ sinimá lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n á ra gúgúrú àti ẹ̀pà. Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè Íńdíà, ṣùgbọ́n gbogbo wọn mọ orin rẹ̀. Bí ọ̀tá bá ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn akítọ̀, gbogbo ilé á pariwo pé, "Wẹ̀yìn o!" Wọ́n mọ̀ pé akítọ̀ kì í kú, síbẹ̀ wọ́n á kìlọ̀ fún un.

Lẹ́yìn náà ni Yorùbá dé ojú aṣọ funfun. Ọlá Balógun ṣe Àjàní Ògún ní ọdún 1976. Ọmọ Òsósà, ìlú tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Odògbolú wa níbí, ló tún gbé e ga. Hubert Ògúndé, tí wọ́n bí ní ọdún 1916, ti fi eré orí ìtàgé gba Glover Memorial Hall kan náà ní ọdún 1944. Ní ọdún 1979 ó gbé fíìmù Aiyé jáde, Ọlá Balógun sì ni olùdarí rẹ̀. Jáiyésimi tẹ̀lé e ní 1980, Àròpin N'Tènìyàn ní 1982, Ayànmọ́ ní 1988. Nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé sinimá fẹ́ràn fíìmù òkèèrè tó dín lówó, àwọn òṣèré wa máa ń gbé fíìmù wọn kiri gbọ̀ngàn ìlú àti ilé-ìwé fúnra wọn.

Bàbá àti ìyá àgbà mi jọ lọ wo Aiyé nígbà tí ìyàwó ṣì jẹ́ tuntun. Wọ́n ní nígbà tí àwọn àjẹ́ yọ, Ìyá Àgbà di àwọn lápá mú títí iná fi tàn. Ìyá Àgbà ti kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Kí ló wá pa ilé sinimá? Kì í ṣe ọwọ́ kan. Fíìmù wọ́n láti ṣe, òkèèrè ni wọ́n sì ti ń fọ̀ ọ́. Nígbà tí ètò SAP dé ní ọdún 1986, tí náírà já wálẹ̀, apá kò ká a mọ́. Ẹ̀rù olè kò jẹ́ kí èèyàn jáde lálẹ́. Tẹlifíṣọ̀n àti fídíò wọlé tọ èèyàn lọ. Àwọn olè sì da fíìmù Bàbá Sàlá, Ọ̀run Móoru ti ọdún 1982, kọ sórí fídíò, wọ́n ń tà á káàkiri, gbèsè sì wọ ọ̀gá náà lọ́rùn. Nígbà tí Living in Bondage fi jáde lórí kásẹ́ẹ̀tì ní ọdún 1992, ìdúró ilé ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wo fíìmù.

Ọ̀pọ̀ ilé náà di ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn mìíràn di ilé ìkẹ́rù. Ọ̀kan tí Bàbá máa ń lọ ní Ìjẹ̀bú-Òde ti di ṣọ́ọ̀ṣì tí àbúrò ìyá mi ti ṣègbéyàwó. Lọ́jọ́ náà, bí gbogbo èèyàn ṣe ń wo ìyàwó níwájú, Bàbá ń wo ògiri ẹ̀yìn. Wọ́n fi ìka hàn mí ojú ihò kékeré mélòó kan tí wọ́n ti rẹ́ pa. Ibẹ̀ ni iná ẹ̀rọ sinimá ń gbà kọjá.

Sinimá tún ti padà dé báyìí. Láti ìgbà tí Silverbird ti ṣí tirẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2004, àwọn mìíràn ti pọ̀ sí i, fíìmù Funke Akindele, A Tribe Called Judah, sì pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n owó ìwọlé pẹ̀lú owó ọkọ̀ kì í ṣe ti ọmọ iléèwé bí tèmi. Mi ò tíì wọ ilé sinimá rí.

Lálẹ́ ọjọ́ tí a dé láti Agége, mo wá Aiyé lórí fóònù ìyá mi, mo sì gbé e síwájú Bàbá. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, àwòrán náà kéré jù fún wọn. Wọ́n dijú, wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n sì ń sọ ohun tó kàn fún mi kí ó tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí àwọn àjẹ́ yọ, wọ́n dákẹ́, wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún lé apá òsì wọn.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èmi ọmọdé bẹ ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi pé kí a wo ẹ̀yìn pẹ̀lú àwọn àgbà wa báyìí. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí ilé sinimá ìlú yín wà, orúkọ tó ń jẹ́, ohun tí wọ́n wò níbẹ̀ àti ẹni tí wọ́n bá lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ tèmi: ojú ìwé 11 ni ọ̀rọ̀ Bàbá gbà nínú ìwé àjákọ mi, wọn kò sì tíì sọ tán.