Òórùn Irú àti Ìtàn Àrùn ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ jẹ́ ìlú méjì tí ọ̀sà so pọ̀ mọ́ Èkó. Àwọn àgbà a máa sọ pé láti ara Oko Odù ni orúkọ Ìkòròdú ti ṣẹ̀, nítorí ẹ̀fọ́ odù tí ó pọ̀ lórí ilẹ̀ náà láyé àtijọ́. Ẹ̀pẹ́ ní tirẹ̀ di olókìkí nídìí ẹja, títí òkìkí ọjà Olúwo fi kàn dé ọ̀nà jíjìn. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, imú kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ojú lásán. Imú ni ẹlẹ́ja fi ń mọ ẹja tútù yàtọ̀ sí èyí tí ó ti ń bàjẹ́. Òun náà ni ẹni tí ń yan ẹja fi ń mọ̀ bí iná bá ti pọ̀ jù. Àrùn tí ó bá gba òórùn lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyí, irinṣẹ́ wọn ni ó gbà lọ.

Kì í ṣe lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni àrùn èémí kọ́kọ́ gba ojú omi wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 1918, ọkọ̀ òkun kan tí ń jẹ́ Bida gúnlẹ̀ sí Èkó láti Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí, ó sì gbé àrùn influenza dé, èyí tí àwọn àgbà sọ ní lùkúlùkú. Láti Èkó ni ó ti gba ojú irin, ojú ọ̀nà àti ojú omi tàn kálẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn ṣírò pé kí oṣù mẹ́fà tó pé, ó ti pa nǹkan bí 500,000 ènìyàn nínú mílíọ̀nù 18 tí ó wà ní Nàìjíríà nígbà náà. Ìtàn rẹ̀ tí ó kù lọ́wọ́ kún fún iye òkú àti ipa ọ̀nà tí àrùn náà tọ̀. Ohun tí aláìsàn fúnra rẹ̀ rí lórí ẹní kò pọ̀ níbẹ̀.

Ọdún 102 lẹ́yìn náà ni òmíràn dé. Ní ọjọ́ 27 oṣù Fẹ́búárì ọdún 2020, àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn Kòrónà ti wọ Nàìjíríà, lára ará Ítálì kan tí ó gba Èkó lọ sí Ewékorò. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Máàṣì, òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Ibà, ikọ́ àti èémí tí kò já gaara ni àmì tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ni kò tí ì ní ibà rí létí ọ̀sà? Ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá korò, tí oúnjẹ kò sì wù ú, agbo ibà ni í kọ́kọ́ ké sí. Níbẹ̀ ni ewu wà, nítorí ẹni tí ó bá ka Kòrónà sí ibà lásán ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ó sì ń kó ran àwọn ará ilé rẹ̀.

Ní oṣù Máàṣì kan náà, àwọn dókítà etí, imú àti ọ̀fun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ pé àwọn ènìyàn kan kò gbóòórùn mọ́ lójijì, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ní àmì mìíràn. Ní oṣù Épírì, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù lára aláìsàn 417 fi hàn pé nǹkan bí 86 nínú 100 wọn ni òórùn ti dàrú mọ́ lójú. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi kún àmì àrùn náà ní ọjọ́ 18 oṣù Méè. Nígbà tí ó fi di oṣù Ọ́gọ́ọ́sì, ó ti wọ ìwé Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ní ń ṣe.

Èdè ojoojúmọ́ lè ṣi ènìyàn lọ́nà nínú ọ̀ràn yìí. Aláìsàn a ní, "Ọbẹ̀ kò dùn lẹ́nu mi," a sì di ẹ̀bi ru ẹnu, nígbà tí ó jẹ́ pé imú ni ọ̀ràn kàn jù. Ahọ́n mọ iyọ̀, ó mọ adùn oyin, ó mọ ìkorò ewúro, ó sì mọ kíkan gàrí Ìjẹ̀bú. Ṣùgbọ́n imú ni ó mọ irú nínú ọbẹ̀ àti èéfín lára ẹja tí wọ́n fi se ìkókore, nítorí pé bí ènìyàn bá ti ń jẹun ni òórùn ń gba ẹ̀yìn ọ̀fun gòkè lọ sí imú. Bí ọ̀fìnkìn bá dí imú, òórùn kò rí ọ̀nà kọjá. Nínú àrùn Kòrónà, ọ̀nà lè ṣí sílẹ̀ gbayawu síbẹ̀ kí òórùn má wọlé, nítorí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe olùtọ́jú fún sẹ́ẹ̀lì òórùn ni kòkòrò àrùn náà ń bà jẹ́. Nígbà mìíràn, ahọ́n pàápàá a máa fara gbá níbẹ̀. Yorùbá sọ pé ènìyàn ń gbọ́ òórùn bí ó ti ń gbọ́ ohùn; ẹni tí imú rẹ̀ kò dí, tí kò sì gbóòórùn, dà bí ẹni tí ó ní etí tí kò gbọ́ràn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni òórùn padà bọ̀ sípò fún láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ti àwọn mìíràn pẹ́, àwọn kan sì wà tí oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn ń rùn sí. Láti ọdún 2009 ni àwọn oníṣègùn Jámánì ti gbé ìdánrawò imú jáde: kí ènìyàn máa gbóòórùn òdòdó róòsì, ewé yukalíptọ́ọ̀sì, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí irú rẹ̀, àti kànáfùrù, ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, fún ọ̀sẹ̀ 12. Ẹ̀yà Omicron tí ó yọjú ní ìparí ọdún 2021 kì í sábà gba òórùn tó ti ìṣáájú, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní ọjọ́ 5 oṣù Méè ọdún 2023 pé ìpàjáwìrì náà ti dópin. Síbẹ̀, ẹni tí òórùn kò tí ì padà sọ́dọ̀ rẹ̀ kò lè tètè mọ̀ bí ẹja bá ti bàjẹ́ tàbí bí gáàsì ìdáná bá ń jò.

Nítorí náà, iṣẹ́ kan kù fún àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tí wọ́n rí lùkúlùkú ti kọjá lọ, ohun tí a kò bi wọ́n sì ti bá wọn lọ. Àwọn tí wọ́n rí ti ọdún 2020 ṣì ń bẹ láàyè ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́. Bí ẹnìkan bá jókòó ti ẹlẹ́ja, tí ó sì bi í léèrè bóyá irú fi ìgbà kan pàdánù òórùn rẹ̀ lójú rẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ yẹ ní kíkọ sílẹ̀. Bí àrùn èémí mìíràn bá tún dé, irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ kí àwọn ará ilé tètè mọ̀ pé èyí kì í ṣe ibà.