Ojú-Iṣẹ́ Alàwòrán nínú Ètò Ìṣiṣẹ́ Ubuntu

Ubuntu jẹ́ ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí a gbé karí Linux. Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà tí a bí ní ìlú Welkom ní ọdún 1973, ni ó dá a sílẹ̀. Inú àwọn èdè Nguni, irú bíi Zulu tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ ní Johannesburg, ni orúkọ náà ti wá; ó dúró fún ìwà ènìyàn sí ọmọnìkejì.

Àríyànjiyàn kan ti wà láàárín àwọn tí ń lo Linux ṣáájú àkókò yìí: ṣé ó yẹ kí ojú-iṣẹ́ alàwòrán, tí a fi ń tẹ àwòrán dípò kí a kọ àṣẹ, wà lára ìpìlẹ̀ ètò ìṣiṣẹ́? Nínú Debian, tí Ubuntu ti jáde, ẹni tí ó bá fẹ́ ojú-iṣẹ́ ni yóò yàn án. Èyí ní ìdí. Kọ̀ǹpútà tí ń pèsè iṣẹ́ fún àwọn mìíràn, tí kò sì ní ojú ìwòran, kò nílò rẹ̀. Ó ń gba àyè, ètò kọ̀ọ̀kan tí a bá sì fi kún un lè di ihò tí olè yóò gbà wọlé. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí kò kọ àṣẹ rí, ojú dúdú tí ń dúró de àṣẹ dà bí ilẹ̀kùn títì.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2004, Ubuntu 4.10 jáde lórí síídì kan ṣoṣo, pẹ̀lú ojú-iṣẹ́ GNOME. Títí di ọdún 2011, a ń fi síídì ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí àwọn tí ó béèrè.

Yíyàn yìí kò tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Kubuntu, tí ó ń lo KDE, jáde ní ọdún 2005. Ní ọdún 2006, ẹ̀dà 6.06 ní síídì ọ̀tọ̀ fún kọ̀ǹpútà apèsè, láìsí ojú-iṣẹ́ kankan. Xubuntu sì wà fún àwọn kọ̀ǹpútà tí agbára wọn kéré. Unity rọ́pò GNOME ní ọdún 2011, èyí sì dá awuyewuye sílẹ̀. Ní ọdún 2017, GNOME padà sípò.

Lábẹ́nú, ojú-iṣẹ́ náà kò di ìpìlẹ̀ rí. Àkójọ ètò tí a ń pè ní ubuntu-desktop ni ó gbé e wá, bí a bá sì yọ ọ́, kọ̀ǹpútà yóò máa ṣiṣẹ́ lọ. Nípa báyìí, Ubuntu fi ojú-iṣẹ́ sí ọwọ́ ẹni tí yóò lò ó, láìfi í dè ẹni tí kò nílò rẹ̀.