Pàṣán Ìyálé: Ojú tí Ìbàdàn Fi Wo Ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Ìjẹ̀bú, 1892

Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Láti ìgbà tí Ìbàdàn ti ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840 ni agbára rẹ̀ ti ń ga sí i, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà etí òkun mọ́ ọn nígbà ogun Kírìjì. Ní oṣù karùn-ún 1892, Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn Maxim ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn. Ọ̀nà ṣí. Síbẹ̀, nígbà tí Gómìnà Carter mú ọ̀rọ̀ àdéhùn wá ní 1893, àwọn ìjòyè Ìbàdàn lọ́ra. Ó ṣeé ṣe kí ìlọ́ra yìí fi hàn pé wọ́n ti ka ogun Ìmàgbọn sí ti ara wọn. Ní 15 oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n fọwọ́ sí i. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó sì wọ̀lú.

Ní agbègbè Wárì níbí, Gẹ̀ẹ́sì fọ́ Ebrohimi, ìlú Nana Olomu, ní 1894. Ní 1897, ó kan Bìní.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá ń kọ́ni ní ìtàn ogun wọ̀nyí, ẹ má jẹ́ kí a parí rẹ̀ sórí ẹni tó ṣẹ́gun àti ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun. Ẹ jẹ́ kí a bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ohun tí aládùúgbò tó ń wòran rí, àti ohun tó ṣe lẹ́yìn náà.